Àmì Ìròpọ̀ Kan ní Oulu

Aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú,
yìnyín ti di odò Oulu pa.
Fóònù dún lórí tábìlì Saimi.
Bàbá Tuure ni, láti Kuusamo:
"Ilé ìwòsàn fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi,
wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́, kí n rí èsì àyẹ̀wò ojú mi.
Mo tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ní òun ò mọ̀ mí.
Aliisa aládùúgbò mi tẹ tirẹ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́.
Kí ni mo ṣe?"

Kò ṣe nǹkan kan.

Saimi tẹ́ àdírẹ́sì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn,
ti ẹni tó wọlé, ti ẹni tó dúró sínú òtútù.
Lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà,
ọ̀rọ̀ tí a dì mọ́ra bí ẹrù ìrìn àjò.
Ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, díẹ̀díẹ̀,
kọfí mi tutù níbi tí mo ti ń wò ó.
Ìka dúró.
Àlàfo.
Ta ló fi àyè sínú ọ̀rọ̀ tí kò ní àyè?

Àmì ìròpọ̀ ló wà níbẹ̀ nígbà tó kúrò nílé.
Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni:
lójú ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì, Òfìfo ni wọ́n ń pè é.
Wọn ò jí i gbé, wọn ò pa á,
wọ́n kàn fi orúkọ ẹlòmíràn kí i,
ó sì dáhùn.
Igi tó dagun ńkọ́? Ọ̀nà á ní oríta ni,
á yà síbẹ̀, á sọnù.

Saimi pààrọ̀ aṣọ fún wọn kí wọ́n tó jáde:
Ìròpọ̀ gbé ẹ̀wù Ìyọkúrò wọ̀,
igi dagun dùbúlẹ̀, ó di ìlà ìsàlẹ̀,
Dọ́gba tó máa ń tò sẹ́yìn jókòó sílé;
a mọ iye rẹ̀, a ó dá a padà bí ẹrù bá gúnlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló tú ẹrù ọ̀hún wò,
kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ:
*Tuure Kallunki, ojú òsì*, gbangba báyìí.
Ó yí sí mi. "A dì í. A ò tì í."
Ó yọ orúkọ bàbá kúrò,
ó fi nọ́ńbà tí kò wí nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.
Alẹ́ la kúrò níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀, bàbá tún pè.
Ó ti wọlé. Ojú òsì ò dára.
"Ṣùgbọ́n mo rí i kà," ló wí,
"ọ̀tún ni mo fi kà á."