Ilé Àwo

Ní Ṣómólú, bí ọ̀gá bá ti lọ ilé,
tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dákẹ́, tí òórùn íńkì ṣì ń bẹ lára ògiri,
mo máa ń tú ọ̀rá dúdú kan sórí tábìlì:
àwo géèmù mọ́kànlélógójì,
ìhòòhò ni gbogbo wọn.
Bí wọ́n ṣe ń tà wọ́n ní Aláàbà nìyẹn, nínú ọ̀rá tín-ín-rín,
orúkọ tí wọ́n fi bírò kọ sí i, òógùn ọwọ́ ti pa á rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi Sanyà ló ni wọ́n.
Ó ní ṣọ́ọ̀bù nígbà kan: tẹlifíṣàn méjì, bẹ́ǹṣì kan,
àádọ́ta náírà fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan,
ẹni tí wọ́n bá nà yóò dìde fún ẹlòmíì.
Onílé gba ṣọ́ọ̀bù, ó fi í fún oní-POS.
Sanyà wà ní Àpápá báyìí, ó ń ka kọ̀ńténà.
Mo pè é lórí fóònù. Ó ní, “Dà wọ́n nù jàre.
Ta ló tún ń fi àwo ṣeré?”

N kò dà wọ́n nù.
Mo ra páálí fíìmù àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́,
mo bó ojú àwọn òṣèré kúrò,
mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo sá wọn bí ẹja.
Bébà ńkọ́? Àjẹkù kàlẹ́ńdà, àjẹkù káàdì ìgbéyàwó,
pósítà olóṣèlú tó wọlé ìbò tí kò sanwó iṣẹ́.
Iwájú rẹ̀ kún fún ìlérí; ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ẹ̀yìn ló wúlò.

Àkọ́ṣe mi bàjẹ́.
Ẹ̀yìn páálí kò tó ìbú àtàǹpàkò,
mo ṣì í wọ̀n, orúkọ géèmù ṣẹ́ sí igun
bí ọmọ tó sùn sí etí bẹ́ẹ̀dì.
Bébà tí a gé kúrú, ẹkún kì í fà á gùn.
Mo tún un gé.

Fún géèmù bọ́ọ̀lù, n kò ya òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín.
Mo ya Múráínà, sálúbàtà kan lẹ́sẹ̀,
ìkejì lọ́wọ́ rẹ̀ bíi fóònù.
Fún ìje mọ́tò, afárá gígùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú,
kò sí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀,
ọ̀sà ń dán nísàlẹ̀ bíi páànù tuntun.
Fún ti ìjà, ìyá wa gan-an,
ìró sísokọ́, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́,
ọjọ́ tó wá ká wa mọ́ ìdí tẹlifíṣàn
tí gbogbo oníbàárà Sanyà gba ojú fèrèsé sá.
Fún ti òkú tó ń rìn, dúdú lásán,
àti iná jẹnẹrétọ̀ pupa kan ṣoṣo.

Ọ̀kan wà tí ojú rẹ̀ ti ha, kò ṣí mọ́,
a kò mọ ohun tó jẹ́.
Mo kọ́lé fún òun náà: búlúù, láìsí lẹ́tà.
Ó jókòó láàárín àwọn tó kù
bí àlejò tí a kò tíì bi léèrè orúkọ.

Sanyà dé lọ́jọ́ kan, bàtà ẹ̀búté lẹ́sẹ̀.
Kò kí mi kú iṣẹ́.
Ó fi ìka tọ ẹ̀yìn wọn láti òsì lọ sí ọ̀tún,
ó yọ ti ìyá wa,
ó ṣí i: kọ́. Ó pa á dé: kọ́.
Ó tún ṣí i.
Kò sẹ́ni tó tan tẹlifíṣàn.