Àpótí Kéékèèké ní Ṣómólú

Mo ti tẹ orúkọ ìyá mi tán nílé,
lórí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tí S rẹ̀ ti parẹ́:
Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́,
àmì lókè, àmì nísàlẹ̀, kò ku ẹyọ kan.
Mo ki fláàṣì bọ àpò, ó di Ṣómólú.

Múdáṣírù kì í lo irú tèmi.
Tirẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ, àwòrán èso àjẹkù wà lẹ́yìn rẹ̀.
Ó ṣí fáìlì.
Yéè!
Àpótí, m, àpótí, t, àpótí, àpótí, àpótí…
m àti t dúró bí ọmọ òrukàn méjì.
Orúkọ ìyá mi ti wọ pósí
ṣáájú ìyá mi.

"Ṣé kòkòrò ló wọ̀ ọ́ ni?"
Ó ní rárá. Ó yí ìdí orúkọ fáìlì padà, kò gbà.
Ó fi nǹkan mìíràn ṣí i, àpótí tún pọ̀ sí i.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́. Ọ̀la ni ìsìnkú.
"Fọ́ǹtì wo lẹ lò?"
Ta ní ń bi lẹ́tà léèrè aṣọ?
"Lẹ́tà yín ò sọnù. Aṣọ wọn ni ò bá wọn dé.
Ẹ lọ kó o wá."

Mo fẹsẹ̀ rìn padà sí Bárígà nínú òjò.
Mo kó fọ́ǹtì, mo tún fi PDF kan tì í lẹ́yìn,
ẹni ejò ti bù jẹ rí.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́, gbogbo rẹ̀ jí.
Àpótí kan ló kù, lójú ìwé kẹrin,
nínú orúkọ bàbá mi, tó jáde tí kò padà wálé.
Múdáṣírù fẹ́ tún un ṣe.
Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.