Ìwé Orúkọ Ọjọ́bọ̀

Ẹja ni mò ń kọ síbẹ̀, n kì í kọ èèyàn.
Òbòkún. Ẹpìyà. Kúta. Àrọ̀ kékeré.
Bí ọlọ́pàá bá ká ìwé yìí mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan,
wọn á ní obìnrin yìí ń ta ẹja l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ni,
ta ni kì í ta ẹja l'Ẹ́pẹ̀ẹ́?

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Músẹdíkù aránṣọ la ti ń pàdé,
ní Pópó-Ọba, lẹ́yìn ìrun Aláásárì,
nígbà tí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dákẹ́.
Pátákó ìta ní À Ń KỌ́NI NÍ IṢẸ́ TẸ́LỌ̀.
Kò purọ́. Kúta ti mọ kọ́là á gé,
ó ti rán ṣòkòtò kan tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ,
òun náà ló wọ̀ ọ́, ó ní àṣà tuntun ni.

Mẹ́jọ ni wọ́n. Nígbà míì, márùn-ún.
Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, èmi àti Músẹdíkù nìkan,
a ó jókòó ti ìkòkò tíì, a ó máa wo ilẹ̀kùn.

Iṣẹ́ wa kò ju báyìí lọ:
ká mọ ẹni tí kò tíì jẹun,
ká mọ ẹni tó ń sùn sínú ọkọ̀ ojú omi,
ká mú ẹni tára rẹ̀ ò yá lọ bá nọ́ọ̀sì tí kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì,
ká gbọ́.
Gbígbọ́ yẹn ló le jù. Ó ń wọ eegun.

Bàtà ẹsẹ̀ kan ni Ẹpìyà wọ̀ dé,
ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Bàbá rẹ̀ ti rí fọ́tò nínú fóònù.
Kò sọ̀rọ̀ títí a fi tan jẹnẹrétọ̀;
ariwo yẹn ló fi bojú, ló wá sọ pé:
"Àǹtí, ọkùnrin bíi tèmi lọkàn mi ń fẹ́.
Ṣé ẹ̀mí kan ló wà lára mi ni?"
Mo ní ẹ̀mí wà lára rẹ, òun ló gbé ọ rìn débí.
Mo ní bá mi ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ yìí,
ojú mi ti ń ṣe bàìbàì.
Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó wọlé.

Mo lọ bá ìyá rẹ̀ létí ọ̀sà, níbi tó ti ń yan ẹja.
Èéfín bo àwa méjèèjì, ó sì dára bẹ́ẹ̀:
kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó jẹ́ ẹkún.
Mo ní, "Ìyá Kafáyà, ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n."
Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o bímọ?"
N kò bí. N kò rí èsì fọ̀.
Ó yí ẹja padà. Ó ní kí n máa lọ
kí ọkọ òun tó ti mọ́ṣáláṣí dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọdún mẹ́wàá ni òfin là sílẹ̀ fún irú ẹgbẹ́ yìí.
Mo mọ̀. Mo ti kà á lórí ìka:
n óò jẹ́ ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta.
Lóru míì mo máa ń fi aṣọ dí fèrèsé,
bí ẹni pé ibẹ̀ ni òfin ń gbà wọlé.
Tó bá di Ọjọ́bọ̀, mo tún gbé tíì kaná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọdébìnrin kan dúró sẹ́nu ọ̀nà,
ó gbé ìdì kan tí wọ́n fi bébà sìmẹ́ǹtì wé,
kò sọ ẹni tó rán an, ó sáré lọ.
Ẹja yíyan ni. Wọ́n ti yọ gbogbo egungun rẹ̀.

Ẹpìyà wò ó, wò ó.
"Egungun há mi lọ́fun nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà," ó ní.
"Látìgbà yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá mi yọ ọ́."
Kò fọwọ́ kàn án títí àwọn yòókù fi lọ.
Ìgbà tí mo ń pa iná ni mo gbọ́ tó ń jẹun.

Mo ṣí ìwé: Ẹpìyà, ó wà.
Mo fi ìlà kan sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, lófìfo.
N kò tíì mọ ẹja tí n óò kọ síbẹ̀.