Kò Bìkítà

Ní abúlé Hruškov, létí odò Morava,
níbi tí kùrukùru kì í tètè kúrò lórí oko,
bàbá mi ń gbẹ́ orúkọ òkú sára òkúta.
Nedbal ni orúkọ ìdílé wa.
Kò Bìkítà ni ìtumọ̀ rẹ̀.
Ẹ wá wo Kò Bìkítà lẹ́nu iṣẹ́,
bó ṣe ń fi èékánná wọn àlàfo láàrin lẹ́tà méjì,
bó ṣe ń fẹ́ eruku kúrò nínú ihò lẹ́tà
bí ẹni ń fẹ́ ojú ọmọ tí ìdọ̀tí kó sí.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.
Bàbá mi ní àwọn tó sọ wá kò wo ilé,
ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń fi wá rẹ́rìn-ín.
Ó ní akọ̀wé onílẹ̀ kan ló wá gba owó orí,
ó ní, “Jan wo? Jan pọ̀ níbí bí esú.”
Aládùúgbò ní, “Jan tó ṣì wà lórí ibùsùn
láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè ni.”
Akọ̀wé ti ìyẹ́ bọ tàdáwà: Doležal.
Ó Sùn Gbalaja.
Láti ìgbà náà, ọmọ-ọmọ Jan ìbáà jí ṣáájú àkùkọ,
Ó Sùn Gbalaja ni níwájú adájọ́,
Ó Sùn Gbalaja ni níwájú pẹpẹ, lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Pospíšil, Ó Kánjú, ló ń tún aago ṣe;
gbé tìrẹ fún un ní ọjọ́ Àjíǹde,
wá gbà á nígbà tí èso píà bá pọ́n.
Vyskočil, Ó Fò Jáde:
láti ojú fèrèsé ta, kò sẹ́ni tó sọ fún wa,
ojú ìyàwó rẹ̀ a sì pọ́n bí a bá bèèrè.
Ìyá Nejezchlebová, Má Jẹ Búrẹ́dì,
búrẹ́dì rẹ̀ là ń fi ojú ọ̀nà dúró dè.
Osolsobě ni mo fẹ́ràn jù: Fi Iyọ̀ Sí I Fúnra Rẹ.
Inú ti bí alásè kan rí, nílé kan,
ẹnìkan sì wà níbẹ̀ tó gbọ́.

Wọ́n fi ìrù kún tèmi torí mo jẹ́ obìnrin.
Nedbalová. Ti Kò Bìkítà.
Bàbá mi ní ìrù yẹn ń jẹ àyè:
obìnrin a máa gba òkúta tó fẹ̀ díẹ̀.

Nínú oṣù kọkànlá, ìyá kan gun kẹ̀kẹ́ wá,
Drahomíra Navrátilová, ẹrẹ̀ dé orúnkún.
Zdislav ọmọ rẹ̀ ti lọ jagun ní Gàlísíà
fún ọba tí kò mọ̀ pé ó wà láyé.
Navrátil: Ó Padà.
Kò padà. Wọn kò rí òkú, wọn kò rí bọ́tìnnì kan.
Ó ní, “Gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Má gbẹ́ ọjọ́ ikú.”
Bàbá mi gbé òòlù, ó tún gbé e kalẹ̀.
“Ìyá, ẹni tó bá kà á yóò ní irọ́ ni.”
Ó ní, “Orúkọ ọmọ mi ni mo ní kí o gbẹ́.
N kò ní kí o túmọ̀ rẹ̀.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni. Kò gba kọ́bọ̀.
Lóru, mo gbọ́ ọ létí agbada omi,
ó ń fọ ọwọ́ tó ti mọ́ tipẹ́,
ó ń pe orúkọ náà jẹ́jẹ́, navrátil, navrátil,
bí ẹni ń pe adìyẹ wọlé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú.

Ó gbẹ́ kòtò kékeré sílẹ̀ fún ọjọ́ ikú,
bóyá ìyá náà á yí ọkàn padà.
Kò yí i. Bàbá mi náà ti lọ báyìí.
Bí òjò bá rọ̀, omi a dúró nínú kòtò náà,
àwọn ológoṣẹ́ a bà, wọ́n a mu ún.