Yàrá Mẹ́ta Tó Kọjú Sí Òkun

Iyọ̀ ló kọ́kọ́ gbé inú yàrá wọ̀nyí lẹ́yìn ikú Bàbá.
Kò sanwó ilé, kò kan ilẹ̀kùn.
Ó jẹ híńjì fèrèsé, ó jẹ ẹnu kọ́kọ́rọ́,
ó rọra ń jẹ páànù orí ilé
bí arúgbó tí kò léyín ṣe ń jẹ iṣu.

Ọdún kọkànlá la tó padà wá sí Òde-Omi,
èmi àti Sífáwù, ìyàwó àbúrò mi,
pẹ̀lú bùrọ́ọ̀ṣì mẹ́rin àti sìmẹ́ńtì àpò méje
tí ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti Ìwọ̀pin.
Omi ta sí ọ̀kan lójú ọ̀nà, ó di òkúta nínú àpò;
a gbé e síwájú ilẹ̀kùn, a ń fi ṣe àtẹ̀gùn.
Káfíńtà Ṣówẹ̀mímọ́ wá bá wa níbẹ̀,
ẹni tó máa ń bú ilé kó tó tún un ṣe:
"Ta ló kan ìṣó báyìí? Ṣé ojú rẹ̀ ń dùn ún ni?"
Bàbá ni.
A ò dá a lóhùn.

Yàrá kìíní, àwọn oníṣòwò ẹja ló ń sùn síbẹ̀ nígbà kan.
Ẹja gbígbẹ ni wọ́n fi ń san owó oorun wọn,
òórùn rẹ̀ ò sì kúrò lára ògiri.
A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́.
Sífáwù ní ká kàn kùn ún ní àwọ̀ ewé,
kí àlejò tó bá gbóòórùn ẹja
rò pé láti ìta ló ti ń wá.

Yàrá kejì, àdán ló ni ín.
A fín wọn léèéfín, wọ́n jáde, wọ́n padà.
Ṣówẹ̀mímọ́ ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo oṣù yìí tán."

Ó ku èyí tó sún mọ́ iyanrìn jù.
Mo fi ọ̀bẹ ha ògiri rẹ̀:
àwọ̀ aró bọ́, àwọ̀ osùn bọ́, ẹfun bọ́,
mo kan ìlà lẹ́ẹ̀dì.
Ìlà kéékèèké, mẹ́rin mẹ́rin, ọ̀kan dábùú wọn,
ìṣirò ẹnìkan tó ń ka ọjọ́.
Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìkọ̀wé tó wọ́:
Mo jẹ Ìyá ilé ní gàrí kóńgò méjìdínlógún. Mi ò gbàgbé.
Kò kọ orúkọ.
Ìyá ò sì sọ fún wa rí pé ẹnìkan jẹ òun ní nǹkan kan.
Ṣówẹ̀mímọ́ ka á lẹ́ẹ̀mejì,
ọjọ́ yẹn nìkan ni kò bú ohunkóhun.
A kun ògiri náà yí gbèsè ká,
a fi àyè tó tó ìnujú kan sílẹ̀,
a fi igi mẹ́rin há a mọ́ bí fọ́tò.

Àlejò àkọ́kọ́ ò wá láti Èkó bí a ti rò.
Àbúrò Bàbá ni, Àǹtí Ẹfúnwùnmí,
tí wọ́n bí sínú yàrá yẹn gan-an.
Ó kan ilẹ̀kùn. Ó béèrè iye. Ó sanwó,
ó ní ká kọ rìsíìtì fóun.
Ìjẹ̀bú ni wá. A kọ ọ́.
Ó tẹ bẹ́ẹ̀dì wò, ó fọwọ́ pa kọ́tìnnì lára,
nínú ìkarahun tí Sífáwù tò sójú fèrèsé
ó yí ọ̀kan padà, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí òkun.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀dì wà bó ṣe wà,
náílọ̀n fóòmù ò tíì já.
Ilẹ̀ ló sùn, lórí ẹní tó gbé wá láti Abígi,
lẹ́bàá ògiri gbèsè.
"Ẹ gbìyànjú," ló wí, ó ń ká ẹní rẹ̀,
"ohùn òkun nìkan lẹ ò rí kùn.
Bó ṣe ń ké nígbà tí mo wà lọ́mọdé náà ló ṣì ń ké."

Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá gàrí wà nílé.
Mo wọn kóńgò kan fún un.
Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀.