Kálàmù Tó Kọ̀ Tí Kò Kọ

Lachlan Petrie,
àtẹ̀gùn mọ́kànlélógójì ni à ń gùn dé yàrá rẹ
lókè ilé oníbúrẹ́dì, ní Dundee,
níbi tí afẹ́fẹ́ odò Tay ti ń ti fèrèsé
bí ẹni tó wá sin gbèsè.
A ó mí hẹlẹ. A ó kan ilẹ̀kùn.
"Ta ló tún jẹ́ kí kálàmù já bọ́?"
Bí o ṣe ń kíni nìyẹn.
O kì í béèrè àlàáfíà èèyàn
kí o tó béèrè ti kálàmù.

Ti ìyá mi ni mo gbé wá,
aláwọ̀ ewé, tí òrùka wúrà rẹ̀ ti ṣá.
Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi sùn nínú dúrọ́ọ̀.
Mo ní, "Ó kọ̀, kò kọ."
O ní, "Kò kọ̀. Òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́."
O rẹ ẹ́ sómi bí ẹni ń rẹ ẹ̀wà,
tàdáwà àtijọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde
díẹ̀díẹ̀, bí èéfín:
lẹ́tà tí ìyá mi kò kọ parí
ló ń yọ́ lọ nínú ife tíì rẹ.
Mi ò sọ̀rọ̀. Ìwọ náà ò sọ̀rọ̀.
O kàn pa rédíò.

Ọwọ́ tó ti jó irin mọ́ irin
níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, kí ibẹ̀ tó kógbá wọlé,
ọwọ́ ńlá, tí àtàǹpàkò òsì rẹ̀ kò ní èékánná,
òun ló ń di ẹnu kálàmù mú
bí ẹni di ọmọ ẹyẹ mú.
O ó fi awò há ojú ọ̀tún,
o ó yí i lórí òkúta, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì,
o ó gbé e sétí.
Sétí! Mo rò pé àwàdà ni.
"Tó bá ń họ ìwé, wàá gbọ́ ọ."
Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fetí sí ọwọ́ ara mi.

Sátidé kìíní oṣù, yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé:
Dókítà Wishart, tó ní igba kálàmù
tí kò rẹ́ni kọ lẹ́tà sí;
Tam, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí kì í dá wa lóhùn;
Ailsa ọlọ́wọ́ òsì,
tí olùkọ́ fi rúlà nà títí ó fi kórìíra ìwé.
O lọ ẹnu kálàmù kan fún un, kí ó gba òsì láyè.
Ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó tún un kọ. Ó kọ ọ́ kún ojú ìwé.
Páálí bísíkíìtì kan lowó iṣẹ́,
oníṣokoléètì, kò gbọdọ̀ jẹ́ òmíràn.

Ká sọ òótọ́, ìkọ̀wé tìrẹ burú,
bí adìẹ tó gba orí eérú kọjá.
Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Oṣù kejì. Yìnyín bo àtẹ̀gùn.
Oníbúrẹ́dì ló ṣàkíyèsí pé iná rẹ kò tàn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a gun mọ́kànlélógójì náà.
Nínú agolo bísíkíìtì: kálàmù mọ́kàndínlógún,
ìwé pélébé tí a fi òwú so mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan,
ẹsẹ̀ adìẹ lára gbogbo wọn.
Tam nìkan ló lè kà á.
Tam tí kì í sọ̀rọ̀ dìde dúró, ó ń kà á sókè fún wa:
"Wishart, kọ̀wé sí ọmọ rẹ."
"Èyí kò ṣeé tún ṣe. Má bínú."
"Elspeth, ó ń kọ. Má tẹ̀ ẹ́ jù."

Mo ti kọ ojú ìwé mẹ́ta lálẹ́ yìí.
Mi ò tẹ̀ ẹ́ jù.
Ó ṣì ń họ díẹ̀, níbi tí mo bá ti kọ L
tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ.
Wọ́n ní ẹnìkan wà ní Perth tó lè bá mi lọ̀ ọ́ kó dán.
Mo kọ̀.