Ògiri Tí Mo Kà

Wọ́n ní ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́,
bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń jalè, Olùkọ́ Edelmira.
Ẹ wá gba ẹrù yín.

Ní erékùṣù wa ní Chiloé, òjò kì í kàgò kó tó wọlé.
Ó ń rọ̀ sórí ọ̀dùnkún, ó ń rọ̀ sórí àgùntàn,
atẹ́gùn ń gba àlàfo pákó yọjú sí wa,
ni ìyá mi bá po ìyẹ̀fun mọ́ omi gbígbóná,
ó fi lẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ mọ́ ara ògiri,
ìpele lórí ìpele, ọdún lórí ọdún.
Ìyá mi ò mọ̀ ọ́n kà.
Ikú ọ̀gágun kan dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi,
iye owó ọṣẹ ìfọṣọ wà lókè orí mi.

Ẹ̀yin dé láti Ancud pẹ̀lú bàtà rọ́bà
àti ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀.
Ọmọ kọ̀ọ̀kan a máa gbé igi ìdáná kan wá sílé ìwé;
mo gbàgbé tèmi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan,
ẹ ò nà mí. Ẹ ní, "Ercilia, jókòó ti iná,
sọ ohun tí o kà gbẹ̀yìn fún wa.
Ìyẹn náà ń mú ilé móoru."
Mo ní, "Ògiri ni."
Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.
Ẹ̀yin ò rẹ́rìn-ín. "Ògiri wo? Mú mi lọ."

Báyìí lẹ ṣe kúnlẹ̀ nínú yàrá wa,
ẹ yí ọrùn bí adìẹ tó gbúròó àwòdì,
ẹ ń bá mi ka ìtàn ọmọbìnrin kan tó wọ ọkọ̀ ojú irin
(èmi tí n kò rí irú rẹ̀ rí),
ó sọ̀ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n,
ó kan ilẹ̀kùn kan, ilẹ̀kùn ṣí, ẹni tó sì ...
Ibẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù bò.
Ẹ wo ìyá mi. Ìyá mi wo kọ́bọ́ọ̀dù.
Ẹ jọ tì í; àwo méjì fọ́.
Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rinrin ti jẹ ìyókù ìtàn tán.

Mo sunkún bí ẹni ṣòfò.
Ẹ fa pẹ́ńsù yọ nínú irun yín,
"Ògiri ṣì láyè," lẹ wí.
Mo kọ ọ́. Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ.

Kí n má gbàgbé Olùkọ́ Heriberto o,
tó máa ń kólòlò débi pé orúkọ ara rẹ̀ ń há a lọ́fun,
ṣùgbọ́n tó bá ti ṣí ìwé,
ohùn rẹ̀ a ṣàn bí omi tó rí ọ̀nà.
Àpò ìyẹ̀fun ló fi ń kó ìwé sọdá sọ́dọ̀ wa;
ẹ̀wù òjò ẹyọ kan tó ní, ìwé ló wọ̀ ọ́ fún,
òjò pa òun.
Ibojì rẹ̀ kọjú sí òkun.
Mo ka ojú ewé méjì níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá,
ẹyẹ òkun ń pariwo, n kò dákẹ́ fún wọn.

Èmi ni mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì báyìí
nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Castro.
Ìwé wà lábẹ́ ìjókòó mi; àwọn èrò mọ̀
pé tí orí ìwé bá ku díẹ̀ kó parí, etí mi ti di.
Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo ń yà kí yín.
Ojú yín ti ṣú. Ẹ̀yin lẹ wá ń jókòó ti iná,
èmi ni mo ń kàwé.

Láti èbúté ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ mi,
mo fẹ́ sọ ọ́ bí mo bá ka ìlà yìí tán.
Ẹ gbọ́wọ́ sókè:
"Ercilia, o sáré kọjá àmì ìdánudúró díẹ̀ yẹn.
Padà lọ mú un."

Mo padà.